Kànga Tó Ṣíwájú Ìbuwọ́lùwé

Marlys Havlik tẹ bíréèkì, ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ sì dúró láàárín ọ̀nà eléruku. Òpó irin gíga kan dúró lórí oko tí à ń pè ní Ilẹ̀ Gúúsù, ẹ̀rọ ń han lábẹ́ rẹ̀, ẹrẹ̀ funfun sì ń tú jáde láti inú ilẹ̀. Ó pa ọkọ̀, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì rìn lọ bá Boyd, ẹni tó ń gbẹ́ kànga fún gbogbo àgbègbè wa.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá Havlik," Boyd wí, ó ń fi àkísà nu ọwọ́. "Ẹ má sún mọ́ ọn jù o. Ẹrẹ̀ yìí kò mọ àgbà."

"Ta ló ní kí o wá gbẹ́lẹ̀ níbí?"

"Ta ló nilẹ̀? Dwayne ni. Ẹni tí mo fẹ́ gbẹ́ tiẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí ló ní òun ò ṣe mọ́, ni mo bá pe Dwayne pé àyè ṣí sílẹ̀. Tí kò bá gbà á báyìí, ó di ẹ̀yìn ìkórè."

"Ṣé wọ́n ti buwọ́ lùwé fún un ni?"

"Ẹ̀yin lẹ wà nínú ìgbìmọ̀, Mà. Èmi tí mò ń gbẹ́lẹ̀ lẹ wá ń bi?" Boyd rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó rí ojú ìyá náà, ẹ̀rín kú sí i lẹ́nu. "Ó ní Ọjọ́bọ̀ lẹ máa fọwọ́ sí i, pé kò séwu."

"Kò séwu lóòótọ́," Marlys wí. "Máa bá iṣẹ́ ẹ lọ."

Ó padà sínú ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ láì tan ọkọ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ká má purọ́, inú rẹ̀ dùn débi tó yẹ kí ó ba òun fúnra rẹ̀ lẹ́rù, ṣùgbọ́n kò bà á.

Kò sí àgbẹ̀ kan ní kaúńtì Birdsall, àgbègbè wa yìí, tí kò mọ òfin yìí. Ìjọba á bá ọ san èyí tó pọ̀ jù nínú owó kànga. Á bá ọ ra wáyà tí yóò lé màlúù kúrò létí odò, á bá ọ gbin koríko tí yóò di ilẹ̀ mú kí àgbàrá má wọ́ ọ lọ. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni pé o kò gbọdọ̀ fi ṣọ́bìrì kan ilẹ̀ kí ìgbìmọ̀ àwọn àgbẹ̀ kaúńtì tó buwọ́ lu àdéhùn. Bí o bá kọ́kọ́ gbẹ́ ẹ, ara rẹ lo gbẹ́ ẹ fún, kí o lọ wá owó rẹ̀ fúnra rẹ. Síbẹ̀, lọ́dọọdún la máa ń rí ẹnì kan tó máa kánjú. Ojú ọjọ́ kì í dúró de ìwé, Boyd kì í dúró de ìpàdé, màlúù ò sì gbọ́ èdè ìjọba. Onítọ̀hún á ní, "Ó ti bọ́ sí i ná," á ki ṣọ́bìrì bọlẹ̀.

Gene, ọkọ Marlys, kánjú rí. Ilẹ̀ Gúúsù yìí, tiwọn ni nígbà náà. Wọ́n ti fi í sílẹ̀ fún koríko lábẹ́ àdéhùn, pé wọn kò ní ro ó, wọn kò ní da ẹran sí i, kí àwọn ẹyẹ lè rí ibi yé sí, kí ìjọba sì máa sanwó fún wọn. Lọ́dún tí ọ̀dá mú, tí ilẹ̀ sán wàà, ìjọba ní àwọn yóò ṣí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún màlúù tí oṣù Kẹjọ bá ti wọlé, nígbà tí àwọn ọmọ ẹyẹ bá ti fò lọ. Gene kò lè dúró. Oṣù Keje ń parí lọ, àwọn abo màlúù ti ń gé èèpo ara òpó ọgbà jẹ. Ó mú ẹ̀mú, ó gé wáyà. "Marlys," ó ní, "òní ni ebi ń pa wọ́n." Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹnì kan ti pe ọ́fíìsì ìjọba, ó ti fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Wọ́n fagi lé àdéhùn náà. Wọ́n ní kí Gene dá gbogbo owó tó ti gbà padà, pẹ̀lú èlé àti ìtanràn. Ó lọ bẹ ìgbìmọ̀, nítorí ìgbìmọ̀ lágbára láti dárí ji ẹni tí wọ́n bá rí i pé kì í ṣe oníjìbìtì. Àgbẹ̀ bíi tiwa ló wà níbẹ̀, àwa la dìbò yàn wọ́n. Verlin Pracht ni alága nígbà náà, òun náà ni alága títí dòní. Ó di Gene lọ́wọ́ mú, omi lé ròrò sí i lójú, ó ní òfin ni òfin. Gbogbo wọn nawọ́ pé kò sí ìdáríjì. Ilẹ̀ Gúúsù di títà, Dwayne Ostrander tó bá wọn pààlà ló rà á, Gene ò sì pẹ́ láyé lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ará ìgbìmọ̀ ló gbé pósí rẹ̀. Ìyàwó Dwayne gbé páì ápù wá síbi òkú.

Marlys kò bá òfin jà. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń bá jà nínú ọkàn rẹ̀, ìyẹn ẹni tó pe ọ́fíìsì. Ọ́fíìsì kì í dárúkọ, ará àdúgbò kì í sì í sọ. Ṣùgbọ́n ta lèrè rẹ̀ bọ́ sí lọ́wọ́? Láti ìgbà náà, bí òun àti Dwayne bá pàdé lójú ọ̀nà, tí Dwayne gbé ìka kan sókè lórí wíìlì bí gbogbo wa ti ń kí ara wa, ìka Marlys kì í mira. Ní àgbègbè wa, ìyẹn burú ju èébú lọ. Nígbà tó yá, àga kan ṣófo nínú ìgbìmọ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ, Marlys ní òun á jókòó. Àwọn ènìyàn ní ilé ló sú u, pé opó náà ń wá ẹni bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Marlys mọ ohun tí òun ń dúró dè.

Kò lọ sílé. Ilé Dwayne ló wa ọkọ̀ gbà, inú ilé màlúù ló sì ti bá a, apá rẹ̀ ọ̀tún wọ inú abo màlúù kan títí dé èjìká.

"Ẹsẹ̀ kan ló yọ," Dwayne wí láì yíjú. "Ìkejì ká sẹ́yìn. Ta nìyẹn?"

"Marlys ni."

Dwayne yíjú. Marlys kò tẹ ilé yẹn láti ìgbà òkú Gene. "Bá mi di ìrù rẹ̀ mú," Dwayne wí, "ó ń fi gbá mi lójú."

Marlys wo màlúù náà. Màlúù kò pe ọ́fíìsì. Ó bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó di ìrù mú, ó sì fi orúnkún ti ẹran náà mọ́ igi. Dwayne wá ẹsẹ̀ kejì kàn, ó fà á wá síwájú, ó fi ṣéènì so ẹsẹ̀ méjèèjì, àwọn méjèèjì sì jọ fà á. Ọmọ màlúù já bọ́ sórí koríko gbígbẹ pẹ̀lú omi àti ẹ̀jẹ̀. Marlys mú igi koríko kan, ó fi tọ́ ọ nímú títí tó fi sín, tó sì mí.

"O ṣeun," Dwayne wí.

"Má tí ì dúpẹ́. Mo rí òpó irin lórí Ilẹ̀ Gúúsù."

Dwayne mú àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu apá rẹ̀ láti èjìká wá sísàlẹ̀, bíi pé ibẹ̀ ni ìdáhùn wà. "Odò ti gbẹ, Marlys. Ìwọ náà rí i. Mò ń fi ọkọ̀ gbé omi fún wọn láràárọ̀, kò tó wọn. Boyd ní tí mi ò bá—"

"Mo mọ ohun tí Boyd ní."

"Ìpàdé ò ju ọ̀tunla lọ. Kí lọjọ́ méjì?"

"Lọ bi Gene."

Ọmọ màlúù náà ń gbìyànjú àtidìde, ó ń ṣubú, ìyá rẹ̀ sì ń fi ahọ́n lá a.

"Kí lo fẹ́?" Dwayne béèrè.

"Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n tó ní kí o jáde ká lè dìbò, wàá sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn pé ìwọ lo pe ọ́fíìsì nípa ọkọ mi, wàá sì sọ ìdí tí o fi pè wọ́n. Tí o bá sọ ọ́, mi ò rí òpó kankan. Tí o ò bá sọ ọ́, èmi á sọ tèmi."

"Ta ló sọ fún ẹ pé èmi ni?"

"Ìwọ lò ń sọ fún mi báyìí. Wo bó o ṣe ń nu ọwọ́ tó ti mọ́."

Dwayne ju àkísà náà sílẹ̀. "Mi ò ní owó kànga yẹn. Báǹkì ti ní kí n má fẹsẹ̀ tẹ ọ̀dọ̀ àwọn mọ́. Tí ìjọba ò bá san tirẹ̀, màá ta màlúù. Tí mo bá sì ta màlúù tán—"

"Wàá ta ilẹ̀. Mo mọ ọ̀nà yẹn, mo ti rìn ín. Tí o bá fẹ́, mo lè júwe ẹ̀ fún ẹ."

"O ti wá di ẹni burúkú, Marlys."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Orí mi pé, mo tètè mọ̀ ọ́n." Ó gbé ẹ̀wù òtútù rẹ̀ wọ̀. "Fún ọmọ màlúù yẹn lọ́yàn kó tó tutù."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó dín ẹran ńlá kan àti ọ̀dùnkún, ó jẹ gbogbo rẹ̀ tán, ó sì fi búrẹ́dì nu àwo. Kò jẹun bẹ́ẹ̀ láti ọdún tó ti pẹ́. Ó ń fojú inú wo ọjọ́ Ọjọ́bọ̀. Dwayne á sọ ọ́ tán, Verlin á fi ọwọ́ gbá tábìlì, Lyle ará ìgbìmọ̀ á ní, "Ìwọ, ìwọ tí ìyàwó rẹ gbé páì wá síbi òkú rẹ̀," Curt tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ á sì kọ ẹ̀yìn sí i. Látọjọ́ náà, kò ní sẹ́ni tó máa gbé ìka sókè fún Dwayne mọ́ ní gbogbo kaúńtì. Kànga ni kí ó máa bá sọ̀rọ̀.

Yàrá ẹ̀yìn ilé ìtajà ọkà ni ìgbìmọ̀ ti ń ṣèpàdé. Tábìlì gígùn kan wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìkòkò kọfí, àti búrẹ́dì dídùn tí ìyàwó Lyle máa ń yan. Verlin jókòó sí ìkángun tábìlì, arúgbó tí irun rẹ̀ funfun, tó máa ń gbàdúrà kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Lyle àti Curt jókòó sí apá kan, Marlys sí apá kejì. Tamra, ọmọbìnrin tí ìjọba ń rán wá láti ìlú ńlá, ti tan àwòrán Ilẹ̀ Gúúsù sára ògiri. Dwayne dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fìlà lọ́wọ́, ó ń ṣàlàyé bí odò ti gbẹ, ibi tí kànga yóò wà, àti ibi tí táǹkì omi yóò wà.

"A ti gbọ́, ó sì yé wa," Verlin wí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá wà lórí tábìlì kì í jókòó tì í. Ìta ló ti máa ń dúró de ìbò. "Jáde díẹ̀, Dwayne, kò ní pẹ́."

Dwayne kò jáde. "Ó ku ọ̀rọ̀ kan," ó wí. Ojú Marlys kò kúrò lára rẹ̀. "Lọ́dún ọ̀dá yẹn, èmi ni mo pe ọ́fíìsì nípa Gene Havlik. Mo rí màlúù rẹ̀ láti ojú fèrèsé mi. Mo lè dákẹ́. Ọjọ́ díẹ̀ sí i, ìjọba á ti ṣí ilẹ̀ sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ ilẹ̀ yẹn. Bàbá mi ti fẹ́ ẹ kí wọ́n tó bí mi. Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá ní kí Gene dá owó padà, kò ní rí i, á tà á. Ìdí tí mo fi pè wọ́n nìyẹn." Ó yíjú sí Marlys. "Ó tán."

Marlys dúró de kí nǹkan ṣẹlẹ̀. Lyle ń gé búrẹ́dì. Curt gbé ife kọfí, ó wò ó bóyá ó ṣì gbóná. Verlin mí kanlẹ̀, ó sì ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Máa lọ síta. Ṣebí kò sẹ́ni tí kò mọ̀."

Ilẹ̀kùn pa dé lẹ́yìn Dwayne.

"Kí lẹ wí, Bàbá Verlin?" Marlys béèrè.

"Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, Marlys."

"Mo ní kí lẹ wí?"

"Ó wá bá mi nílé kó tó pè wọ́n." Verlin ń fi ọwọ́ pa tábìlì. "Ó ní òun rí ẹran Gene nínú koríko, pé kí lòun máa ṣe. Mo ní kó ṣe bí ọkàn rẹ̀ bá ti sọ fún un."

"Ẹ mọ̀ ṣáájú. Ìdajì máìlì ló wà láàárín ilé yín àti ilé wa. Ẹ ò lè sọ fún Gene pé kó kó màlúù rẹ̀ jáde?"

"Àdúgbò kan náà là ń gbé. Ṣé kí n máa gbé ọ̀rọ̀ Ostrander lọ fún Havlik?"

"Gene wá bi wá," Lyle wí, ojú rẹ̀ ò kúrò lára ọ̀bẹ. "Ó bi wá pé ta ló pè wọ́n. A ní a ò mọ̀. Kí la fẹ́ sọ? Ìjà á bẹ̀rẹ̀ ni."

Ojú ń ti Tamra, ó ń wo kọ̀ǹpútà rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wọnú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́," ó wí, "ó ní ohun tí mo gbọ́dọ̀ bi yín kẹ́ ẹ tó dìbò. Ṣé ẹnikẹ́ni nínú yín mọ̀ bóyá iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ Ọ̀gbẹ́ni Ostrander?"

Ọ̀nà tó gba iwájú Ilẹ̀ Gúúsù kọjá ni Verlin gbà wá láàárọ̀ yẹn. Òun náà ni Lyle gbà. Òun náà ni Curt gbà. Ojú gbogbo wọn ló rí òpó irin náà, ó ga ju ilé ọkà lọ. Lyle jẹ búrẹ́dì rẹ̀. Curt ń wo èékánná.

"A ò mọ nǹkan kan," Verlin wí.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ náà tó wọ Marlys létí dáadáa. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí, ó ti gbà pé ọ̀tá kan ló wà, òfin kan sì wà tí kò mojú ẹnikẹ́ni. Kò sí òfin kankan. Àwọn mẹ́ta yìí ló wà. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́, wọ́n á di ojú wọn fún un. Ẹni tí wọn kò bá fẹ́, wọ́n á sunkún lé e lórí, wọ́n á sì gbé pósí rẹ̀. Orí rẹ̀ gbóná, ó sì kórìíra wọn tọkàntọkàn, ju bó ṣe kórìíra Dwayne rí lọ. Dwayne jí ilẹ̀ gbé, ó sì ti sọ pé òun jí i gbé. Àwọn wọ̀nyí di àpò mú fún olè, wọ́n sì ń jẹ páì nílé olóhun.

Ó lè la ẹnu rẹ̀ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ó ti ṣe àdéhùn, Dwayne sì ti san tirẹ̀. Bí ó bá sì tú u báyìí, Dwayne nìkan ni ìyà yóò jẹ. Àwọn yòókù á nu ẹnu, wọ́n á ní àwọn kò rí i.

"Èmi náà ò mọ nǹkan kan," Marlys wí. Òun ló kọ́kọ́ nawọ́ pé kí Dwayne gba owó.

Ara tu gbogbo wọn. Verlin na ọwọ́ kọjá tábìlì, ó fọwọ́ kan apá rẹ̀. "Ọlọ́run á san án fún ọ, Marlys. Ìdáríjì dùn."

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ta ló kàn, Tamra?"

"Ọ̀gbẹ́ni Pracht fúnra wọn ni, Mà. Koríko ojú àgbàrá wọn. Wọ́n fẹ́ ká sọ àdéhùn rẹ̀ dọ̀tun."

Verlin ti ń dìde, ó ti mú ife kọfí rẹ̀ dání. Irú èyí kì í gbà ju àsìkò tí èèyàn fi ń lá ṣúgà kúrò níka lọ.

"Ṣé o ti lọ wo ilẹ̀ náà rí, Tamra?" Marlys béèrè.

"Rárá, Mà. Àwòrán ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí wa. Èyí tó wà níbí, ó ti pẹ́ díẹ̀."

"Ó ti pẹ́. Mo fẹ́ kí a lọ fojú ara wa wò ó ká tó dìbò. Lónìí. Èmi á wakọ̀."

Ife kọfí dúró lọ́wọ́ Verlin. Gbogbo wa la mọ̀ pé kò sí koríko níbẹ̀ mọ́. Ó ti tú u, ó gbin àgbàdo sórí rẹ̀ ní ìgbà ìrúwé ọdún méjì sẹ́yìn, owó koríko sì ń wọlé fún un. Àwọn èèyàn ń kọjá níbẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń wo apá ibòmíràn.

"Marlys," Verlin wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "àwa méjèèjì lè jókòó sọ ọ́. Mo gbé ọkọ rẹ lọ sí ibojì rẹ̀."

"Ẹ gbé e lóòótọ́. Ẹ jáde, Bàbá. Ọ̀rọ̀ yín wà lórí tábìlì."

Arúgbó náà wo Lyle, ó wo Curt. Kò sẹ́ni tó gbórí sókè. Ó jáde. Marlys bi Tamra pé ta ló tún kù, Tamra sì wo kọ̀ǹpútà, ó ní ó ku wáyà etí odò ti Lyle, àti igi tí Curt ní òun gbìn láti dá atẹ́gùn líle dúró. Marlys ní ó dára, pé kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ mọ́ ibi tí àwọn máa lọ wò, kí Tamra sì wọ bàtà ẹrẹ̀ rẹ̀.

Dwayne wà lórí bẹ́ǹṣì níta. Verlin dúró sí igun kejì, ó kọ ojú sí ògiri. Nígbà tí Dwayne rí i tí Tamra ń tẹ̀ lé Marlys lọ síbi ọkọ̀, ó dìde, gbogbo ara rẹ̀ ń béèrè ìbéèrè tí ẹnu rẹ̀ ò lè sọ. Marlys kọjá lára rẹ̀ láì wò ó.

Níbi tí ọ̀nà ti pín sí méjì lẹ́yìn afárá, ó rọra dúró. Apá òsì gba iwájú Ilẹ̀ Gúúsù, níbi tí òpó irin Boyd wà. Apá ọ̀tún yí ẹ̀yìn òkè po, ó jìn, àfọ́kù òkúta ló kún un.

"Ṣé kì í ṣe apá òsì ló yá, Mà?" Tamra wí, ó ń wo fóònù rẹ̀. "Ohun tí wọ́n kọ síbí nìyẹn."

"Òun ló yá," Marlys dá a lóhùn, ó sì yà sí apá ọ̀tún, síbi tí àgékù àgbàdo Verlin ti bẹ̀rẹ̀.